Irin Ìwọ̀n Bàbá Mi

Ọjọ́ kẹta tí ọyẹ́ wọ Ògbómọ̀ṣọ́
la kó pákó dé ẹ̀yìn yàrá sáyẹ́ǹsì,
pákó tíìkì tí Lákanmí tọrọ
lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní sọ́mìlì Arówómọlé.
Ọ̀gbẹ́ni Ládẹ̀jọ fi ṣọ́ọ̀kì ya á sára ògiri:
òpó méjì, ọ̀pá kan lágbede méjì,
apá kan gùn bí ìyà, apá kan kúrú bí ẹ̀rín.
"Jangilọ́fà ni," ó wí,
"jangilọ́fà tí ẹnìkan sanra jù."
Gbogbo wa bojú wo Látúndé.

Kànnàkànnà la so sẹ́nu apá gígùn,
awọ bàtà àtijọ́ tí a lu ihò méjì sí.
Ìṣó kan tí kò lórí ni yóò dì í mú,
ìṣó yẹn náà ni yóò jọ̀wọ́ rẹ̀
nígbà tí àkókò bá tó.
Iṣẹ́ tèmi: ìwé, bírò, téèpù.
Èmi ni mo ń kọ ibi tí ọ̀rọ̀ bá bọ́ sí.

Korọ́bà iyẹ̀pẹ̀ la kọ́kọ́ gbé kọ́ apá kúkurú.
Bọ́ọ̀lù fò gòkè, ó ronú, ó padà sẹ́yìn,
ó ba páànù ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà.
Mo kọ ọ́: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án,
lápá ibi tí a kò rán an.
Ìgbà kejì, okùn já.
Ìgbà kẹta, Látúndé bẹ́ bí ọ̀pọ̀lọ́
kí ọ̀pá má baà gbá a létí.
"Iyẹ̀pẹ̀ ò wúwo tó," Lákanmí wí.
"Ẹ wá ohun tó wúwo tí kò gbààyè."

Mo mọ ohun tó wúwo tí kò gbààyè.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi ló wà,
nínú àpò kájú tó ti gbó:
irin ìwọ̀n márùn-ún
tí bàbá mi fi ń ra kájú lọ́wọ́ àwọn ará oko Ìrẹsà
kí ikú tó gbé òun náà sórí ìwọ̀n.
Ọdún kẹrin rèé, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.
Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè.
"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"
Mo ní a fẹ́ jẹ́ kó wálẹ̀ ni,
kí nǹkan mìíràn lè fò.
Ó ṣa ẹ̀wà títí, ó ju òkúta kan sẹ́yìn.
"Bàbá yín kì í rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ lórí ìwọ̀n," ó wí.
"Ẹ má fi rẹ́ni jẹ."

Ọ̀gbẹ́ni Ládẹ̀jọ fi píláàsì tẹ ìṣó díẹ̀,
bí ẹni ń tún fìlà ṣe fọ́mọ ọlọ́mọ.
Látúndé fa okùn.
Irin wálẹ̀ bí àgbà tó fẹ́ jókòó,
láìkánjú, láìbèèrè àyè,
apá gígùn gba ojú ọ̀run lọ,
kànnàkànnà ké fìì,
ìṣó jọ̀wọ́ rẹ̀.
A ò rí i mọ́.
Eruku ọyẹ́ ti gbé e mì.
A ṣáà gbọ́ pọ̀ọ́ lókèèrè, nínú máńgòrò ẹ̀yìn ọgbà,
kannakánná gidi mẹ́rin sì jáde, wọ́n ń bú wa.

Téèpù wa ò tó. Ẹ̀ẹ̀mẹta la nà án,
ó ṣì ku ẹsẹ̀ bàtà méje.
"Kọ ọgọ́jọ," Lákanmí wí. "Ta ló máa mọ̀?"
Mo wo irin tó ń mì lórí okùn.
Mo kọ ọ́: mẹ́tàdínlọ́gọ́jọ.

Ní Ìbàdàn, ipò kẹrin la gbà.
Ilé-ẹ̀kọ́ tó gba ipò kìíní fi táyà sẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ tiwọn.
Látúndé sunkún, ó ní eruku ni.

Ìyá mi ka irin náà: márùn-ún pé.
Ó fi etí ìró nu ọ̀kan, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́.
"Ó fúyẹ́ díẹ̀."
Mo ní irin kì í fúyẹ́, Màámi, fisíìsì ò gbà bẹ́ẹ̀.
"Mo mọ̀," ó wí.
Ó dá mẹ́rin padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Ó fi ìkarùn-ún dá ilẹ̀kùn yàrá dúró,
kí atẹ́gùn máa wọlé.